Òkúta Olùdásílẹ̀ Ilé Kànga

Ẹ fún mi láyè kí n sọ ti Alàgbà Pyo Gwang-tak, ẹ má sì sọ fún mi pé kí n fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ọ̀wọ̀ tí ọkùnrin náà ti gbà láyé yìí tó o lò dé ọ̀run, àjẹkù á sì tún wà. Nílùú wa, Dalcheon, káàdì rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Káàdì ọmọ èèyàn kì í ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ti Alàgbà Pyo, ìlọ́po mẹ́rin ni wọ́n ká a, bí ẹ bá sì tú u tán, oyè mẹ́tàdínlógún lẹ máa bá níbẹ̀: Ọ̀gá Àgbà Ọ́fíìsì Omi Ìlú tó ti fẹ̀yìntì, Igbákejì Alága Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Gun Òkè Láàárọ̀ Sátidé, Olùdámọ̀ràn Pàtàkì fún ẹgbẹ́ kan tí kò sí mọ́, títí ẹ ó fi kan èyí tí wọ́n fi ọ̀dà wúrà kọ nísàlẹ̀: Alága Ìgbìmọ̀ Alámòójútó Iṣẹ́ Ìránṣẹ́ Ìjọ Presibitéríà láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Dalcheon.

Iṣẹ́ ìránṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ gùn tó báyìí, ilé kan péré ló ní. Ilé onígi àtijọ́ ni, lẹ́yìn ẹnubodè ìlà-oòrùn yunifásítì, kànga wà láàárín àgbàlá rẹ̀, òun làwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pè é ní Ilé Kànga. Ó ní yàrá ìpàdé, ó ní yàrá àdúrà, ó sì ní ilé ìdáná. Nínú ilé ìdáná yìí ni Màmá Ok Bun-nam wà, opó ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tó ń sè fún akẹ́kọ̀ọ́ tébi bá ń pa, tó sì ń sùn nínú yàrá kékeré tó lẹ̀ mọ́ ààrò. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi í: "Ṣé o ti jẹun?" Kò bi ẹnì kankan rí bóyá ó ti gbàgbọ́.

Alàgbà Pyo kì í dé ilé ìdáná. Ó ní òórùn rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ kóòtù òun. Yàrá ìpàdé ni tiẹ̀, níbi tí àga rẹ̀ ti fi ìka mẹ́rin ga ju ti gbogbo ìyókù lọ, tí Díákónì Guk Pil-ho sì máa ń jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀. Aṣọ fèrèsé ni Guk ń tà lọ́jà, ìyìn ló sì ń tà nínú ilé Ọlọ́run. Bí Alàgbà bá húkọ́, Guk á ṣe àmín. Bí Alàgbà bá sín, Guk á ní halelúyà. Lọ́jọ́ kan oorun gbé Alàgbà lọ láàárín ìpàdé, ó ń hanrun bí ẹni tí ń la pákó, Guk sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé Alága gbàdúrà fún ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú ìrora tí a kò lè fi ẹnu sọ. Mo ti rí ìwé náà. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Lọ́dún 2013, ilé náà pé àádọ́ta ọdún. Alàgbà Pyo ní kí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé aláwọ líle, iṣẹ́ náà sì já lé Ajíhìnrere Bang Se-ryeong léjìká. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, òun ló ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò ga, kò sì lè purọ́, àìlera méjèèjì yìí ló sì ń dí i lọ́wọ́ láti gòkè lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ló fi bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án jókòó láti gbọ́ ọ.

"Ka ìlà àkọ́kọ́ fún wa," ni Alàgbà wí, ó sì di ojú rẹ̀ kí ògo lè wọlé.

Bang bẹ̀rẹ̀: "Lọ́dún 1963, opó kan tó kéré lọ́jọ́ orí, Ok Bun-nam, bẹ̀rẹ̀ sí sè oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó ń ka Bíbélì nínú ilé ìdáná rẹ̀ ..."

Alàgbà la ojú. "Dúró ná. Èmi dà?"

"Ẹ wà lójú ìwé kọkànlélógójì, sà."

"Kí ni mò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ wà lára àwọn tó jẹun, sà."

Guk fẹ́ ṣe àmín, ó rò ó wò, ó gbé e mì. Alàgbà Pyo dìde, ó fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀, ó sì gbé ohùn tó máa ń lò fún ìsìnkú àwọn olówó jáde.

"Ẹ̀yin ará nínú Olúwa! Ẹ̀yin òpó ilé Ọlọ́run! Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ ló dá iṣẹ́ ìránṣẹ́ sílẹ̀? Ṣé orí ṣíbí ni Ẹ̀mí bà lé ni? Mo rántí bí ẹni pé àná ni. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá, ọdún 1973. Òtútù ń jẹ etí. Èmi, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, mo kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga yẹn, mo gbójú sókè, mo ní, 'Dalcheon, ìwọ yóò jẹ́ ti Olúwa!' Ọjọ́ yẹn gan-an la bí iṣẹ́ ìránṣẹ́ yìí."

"Àmín!" ni Guk wí, ara tù ú.

"Ṣùgbọ́n sà," ni Bang wí wẹ́rẹ́, "àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdé níbí fún ọdún mẹ́wàá kí ẹ tó dé."

"Oyún ni."

"Sà?"

"Ọdún mẹ́wàá yẹn, oyún rẹ̀ ló wà. Ta ló ń ka ọjọ́ orí ọmọ láti inú oyún?"

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, gbogbo wa nílẹ̀ yìí là ń kà á. Ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ yìí ti pé ọdún kan lọ́wọ́ alẹ́, nítorí oṣù inú oyún wà nínú ìṣirò. Nínú àwọn mẹ́sàn-án tó jókòó yẹn, kò sí ẹni tí wọn kò fún ní ọdún oyún tiẹ̀, Alàgbà pàápàá kò dá tirẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yanu. Guk dá a lábàá pé kí ìtàn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973. Ẹnì kan kín in lẹ́yìn. Alàgbà gbé òòlù igi rẹ̀ sókè.

"Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó wí pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn ńkọ́," ó wí i lẹ́ẹ̀kan náà láìmí, òòlù ti lu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó kan "ńkọ́." Báyìí ni ilé ẹni àádọ́ta ọdún ṣe di ẹni ogójì ọdún láàárín ìṣẹ́jú kan. Ká ní àwọn ìyá wa mọ̀ pé ìbò ló ń ṣe é, wọn ì bá má náwó sórí ọṣẹ ojú.

Ọwọ́ òòlù ti gbóná, wọn kò sì fẹ́ kó tutù. Wọ́n tún dìbò pé ayẹyẹ ogójì ọdún yóò wáyé ní Sátidé kẹrin oṣù kọkànlá. Wọ́n dìbò pé wọn yóò gbé òkúta olùdásílẹ̀ kan kalẹ̀. Wọ́n dìbò pé Gbọ̀ngàn Olùdásílẹ̀ yóò wà níbi tí ilé ìdáná wà, àti pé lọ́jọ́ ayẹyẹ yẹn gan-an ni Alàgbà yóò fi òòlù fàdákà lu ògiri rẹ̀ kí wọ́n tó wó o. Òòlù ti lu tábìlì tán nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Màmá Ok gbé abọ́ núdù mẹ́sàn-án wọlé lórí àwo, oru rẹ̀ ń bo gíláàsì ojú wọn.

"Màmá, ó dáa bí ẹ ṣe wọlé," ni Alàgbà wí. "A ti ṣètò ìsinmi yín. Ọmọ àbúrò ọkọ yín tó wà ní Yeosu máa gbà yín."

"Ọmọ yẹn? Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti pè mí gbẹ̀yìn." Màmá ń gbé abọ́ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìgbà wo ni?"

"Lẹ́yìn ayẹyẹ. A máa wó ilé ìdáná."

Ó gbé abọ́ kẹsàn-án kalẹ̀. "Igba kábéèjì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Òun ni mo máa fi iyọ̀ àti ata rẹ ṣe kimchi táwọn ọmọ á jẹ nígbà òtútù. Ibo ni kí n ti rẹ ẹ́?"

"Ìtàn ń kọjá lọ níwájú yín, Màmá, ẹ ń sọ̀rọ̀ kábéèjì!"

"Ìtàn náà á jẹun," ni Màmá wí. Ó wo inú abọ́ wọn. "Ṣé omi ọbẹ̀ yín tó, àbí kí n bù sí i?"

Wọ́n ní kó bù sí i. Ẹ gbọ́ mi o: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò lé obìnrin jáde, wọ́n sì ní kó bù sí i. Inú mi ò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní.

Òkúta dé lọ́sẹ̀ kejì. Ó ga tó ọkùnrin méjì tó gun ara wọn léjìká, ẹnu ọ̀nà kò gbà á, wọ́n wó ògiri. Alàgbà wo gbogbo àgbàlá, ó rí i pé ibi tó bójú mu jù fún òkúta náà ni orí kànga. Wọ́n fi kọ́ńkéré dí kànga, wọ́n gbé òkúta lé e, wọ́n sì dìbò pé orúkọ ilé ṣì jẹ́ Ilé Kànga. Ohun tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta náà, Alàgbà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì fi òru mẹ́ta ṣe é: OLÙDÁSÍLẸ̀, ALÀGBÀ PYO GWANG-TAK. Ó DÚRÓ NÍGBÀ TÍ ÀWỌN YÒÓKÙ SÁ.

Láràárọ̀ ni Alàgbà ń wá dúró níwájú rẹ̀, á na ọrùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. "Guk, ṣé kò kéré jù?"

"Ẹ̀yin lẹ tóbi jù, sà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ. Ẹni tí wọ́n ń yìn níwájú, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná.

Bang kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó tún ìtàn kọ. Ó ń wá ohun tí yóò fi kún ọdún 1973, ó sì lọ bá Màmá Ok ní ilé ìdáná. Màmá ṣí àpótí ìrẹsì àtijọ́ kan, kò sí ìrẹsì níbẹ̀, ìwé ló kún un. Ìwé Gbogbo Wa ni. Láti ọjọ́ tí ilé náà ti wà ni ìwé kan ti ń wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú kálámù tí wọ́n so mọ́ okùn. Ẹni tó bá wọlé, bó bá jẹun tán, á kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ síbẹ̀: àdúrà, àwàdà, ẹ̀dùn ọkàn, orúkọ ọmọbìnrin tó ń wò. Nígbà tó bá kún, Màmá á kó o pamọ́, á sì gbé tuntun síbẹ̀. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n. Gbogbo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ wa ló máa ń ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tó sì kọ sí i kì í padà kà á.

Bang fi ọjọ́ méjì kà á. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí ọ̀kan síwájú Màmá.

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé èyí wà níbẹ̀?"

Màmá nu ọwọ́. Kò wo ojú ìwé náà pẹ́. "Mo mọ̀. Èmi ni mo gbé e pamọ́."

"Ẹ wo ohun tó gbẹ́ sára òkúta! Ó fẹ́ wó ilé yín! Ẹ sì dákẹ́?"

"Ọmọdé ni nígbà yẹn. Ẹ̀rù bà á. Ta lẹ̀rù ò bà lọ́dún yẹn?" Ó mú ọ̀bẹ, ó ń gé àlùbọ́sà lọ. "Má kà á síta, ọmọ mi. N kò fẹ́ ilé ìdáná tí mo fi ìtìjú ọmọ rà. Lọ bá a, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wò ó."

Mo fẹ́ kí ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá náà ti ṣílẹ̀kùn fún un kó gba ibẹ̀ jáde.

Bang gbé ìwé náà lọ. Ó bá Alàgbà àti Guk níbi tí wọ́n ti ń to ètò ayẹyẹ.

"Sà, mo rí ohun tí ẹ kọ sínú Ìwé Gbogbo Wa nígbà tí ẹ wà ní yunifásítì."

Ojú Alàgbà tàn bí àtùpà. "Ó ṣì wà? Guk, ṣé o gbọ́? Ọwọ́ ara mi! Kí wọ́n kà á lọ́jọ́ ayẹyẹ. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án nínú ètò, kí n tó lu ògiri."

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó."

"Ṣé èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wò ó nìyẹn."

"Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ùn-ún," ni Guk wí. "Ẹnu Alàgbà fúnra rẹ̀ ni ìtàn á ti jáde. Ọ̀rọ̀ wo ló tún kù?"

"Ó lè dójú tì yín, sà," ni Bang wí. Ó wí i tọkàntọkàn, mo jẹ́rìí rẹ̀.

Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká. "Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Ó ṣeé ṣe kí iná àdúrà mi ti gbóná jù nígbà yẹn. Má ṣèyọnu. Àwọn èèyàn á gbà á mọ́ra. Kà á pátápátá, pẹ̀lú ohun gbogbo tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e, torí wọ́n á ti fi ẹ̀kún dá mi lóhùn. Bí o bá fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, wá ibòmíì lọ wàásù."

"Ṣé ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, sà?"

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ pé gbogbo ohun tí Alàgbà kọ àti èsì rẹ̀ ni kí wọ́n kà, láìyọ kúrò, àti pé ohun tí wọ́n bá kà, kí ìpéjọ fi ìbò gbà á gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ìdásílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè yí padà mọ́. Ó mú òǹtẹ̀ rẹ̀ jáde láti inú àpò awọ, ó mí èémí sí i lára lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé títí tábìlì fi dún. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Alàgbà Pyo tún ní òǹtẹ̀ lórí.

Sátidé pé. Òdòdó ńlá ńlá mọ́kànlélọ́gbọ̀n to ara wọn láti ẹnu ọ̀nà títí dé òkúta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ribọ́nnù tó ń kéde ẹni tó rán an wá. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn, Alàgbà ló rán wọn sí ara rẹ̀, ọ̀kan lórúkọ oyè kọ̀ọ̀kan, àyàfi oyè tó wà fún ọjọ́ náà gan-an. Àwọn ènìyàn pàtàkì wọ ìbọ̀wọ́ funfun, wọ́n fi òdòdó há àyà. Tísà Yeom Chi-su kò rí òdòdó gbà. Ó ti kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìntì, ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í ká, ó sì jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tí Màmá Ok ti ń se ọbẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó kẹ́yìn.

Alàgbà sọ̀rọ̀ fún àádọ́ta ìṣẹ́jú. N kò ní kọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ó fi ara rẹ̀ wé Mósè, ó gbà pé Mósè kò dé ilẹ̀ ìlérí. Ó fi ara rẹ̀ wé àpáta. Níkẹyìn ó tọ́ka sí òkúta, ó ní: "Ní ìgbà ìjọba sọ́jà, nígbà tí ọlọ́pàá ń kó akẹ́kọ̀ọ́, ta ló dúró?"

"Ẹ̀yin ni, sà!" ni Guk ké.

"Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mi ìgbà èwe fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Ajíhìnrere, kà!"

Bang ka àṣẹ tó ní òǹtẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé àkọ́kọ́.

"Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, 1972. Pyo Gwang-tak, ọdún kìíní. Wọ́n ní wọ́n ń fúnni ní núdù níbí. Òótọ́ ni. Abọ́ mẹ́ta. N kò gba Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n mo gba ọbẹ̀ yìí gbọ́."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. Alàgbà gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń bù kún wọn. "Ìrẹ̀lẹ̀," ó wí. "Ìrẹ̀lẹ̀ ni."

"Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá, 1973." Gbogbo ojú là, nítorí ọjọ́ ìdásílẹ̀ nìyẹn. "Màmá ní kí àwa méje fa omi kànga láti fọ kábéèjì. Mo ní inú ń run mí, mo lọ sùn. Wọ́n jí mi nígbà tí oúnjẹ délẹ̀. Ẹran wà níbẹ̀."

"Àmín!" ni Guk ké, ó ti mọ́ ọn lára. Ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́. Alàgbà Pyo yọ gíláàsì rẹ̀, ó tún fi sójú. "Ó tó báyìí, Ajíhìnrere. Àkókò ń lọ."

"Ó ku ẹyọ kan, sà. Ẹ ní n kò gbọ́dọ̀ fo ọ̀rọ̀ kankan."

Ohùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹni ń ka lẹ́tà òkú ló ṣe kà á.

"Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin, 1974. Lánàá wọ́n mú Yeom Chi-su àti àwọn méjì mìíràn nínú àgbàlá yìí. Èmi, Pyo Gwang-tak, ń kọ ọ́ pé n kò jẹun nílé yìí rí. N kò mọ obìnrin tó ń sè níbẹ̀. N kò mọ Yeom Chi-su. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè mi, kí ẹ ní ẹ kò mọ̀ mí. Mo ti yọ orúkọ mi."

Ìyá àgbà kan níwájú ti fi ìka ka iye ìgbà tó sẹ́: ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta. Ó yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rò pé òun rọra sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di, gbogbo àgbàlá ló gbọ́: "Àkùkọ ló kù."

Guk nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń fi ọgbọ́n sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alàgbà.

"Èsì wà nísàlẹ̀ rẹ̀," ni Bang wí. "Lẹ́ẹ̀dì ni. Ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkọ ni." Ó mí sínú. "Gwang-tak, ìbọ̀sẹ̀ rẹ ti gbẹ. Mo ká a sórí àpótí ìrẹsì. Má gba ojú ọ̀nà ńlá, wọ́n ń mú ọmọ níbẹ̀. Gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé. Ìrẹsì wà nínú ìkòkò."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, Màmá Ok ti fi aṣọ ìdáná rẹ̀ bo ojú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Ti Alàgbà Pyo fi ogójì ọdún lọ, ó sì fi owó ara rẹ̀ pe àwọn èèyàn wá wo bí òótọ́ ṣe bá a.

Tísà Yeom dìde lẹ́yìn. Ó fi ọdún méjì ṣáájú Pyo wọ yunifásítì, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ipò àgbà ọdún méjì yẹn kì í tán títí ẹ ó fi sin ara yín. Kò pè é ní Alàgbà.

"Gwang-tak, jókòó. Rárá, má jókòó, ìwọ ni alága. Ṣe iṣẹ́ rẹ." Ó gbé ọwọ́ tí ìka rẹ̀ kò ká sókè. "Mo dá a lábàá pé kí ìpéjọ gba ohun tí a kà gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ìdásílẹ̀, bí àṣẹ alága ti wí. A ti rí ẹni tó dúró, a ti rí ẹni tó sá. Àti nígbà tí ìgbìmọ̀ ti dìbò pé Gbọ̀ngàn Olùdásílẹ̀ máa wà níbi ilé ìdáná, mo dá a lábàá pé gbọ̀ngàn náà ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1963, ẹ wo èéfín rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wó o."

"Mo kín in lẹ́yìn!" Ohùn mẹ́wàá ló wí i, ti Guk ló sì ròkè jù. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìyìn bá ti wọ́nwó sí laṣọ fèrèsé ń tà.

Alàgbà Pyo wo òòlù igi lọ́wọ́ kan, ó wo òòlù fàdákà lọ́wọ́ kejì. Òfin ìjọ kò fún alága ní ìbò. Òun fúnra rẹ̀ ti fi òfin yìí pa ẹnu àwọn ẹlòmíràn mọ́ fún ọdún mẹ́tàdínlógún.

"Ẹni tó bá fara mọ́ ọn ..." ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni!" Ẹyẹ fò lórí òrùlé.

"Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn ńkọ́?" Lọ́jọ́ yẹn, ó dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn ìbéèrè yẹn, ó ń wo ojú kan dé ojú kejì, ó ń retí. Ọbẹ̀ ń hó lórí iná. Nígbà tó pẹ́, ó lu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ kan náà fi òòlù kan náà dá ọdún mẹ́wàá padà fún ilé náà. Guk ló dá a lábàá, ó ní òun ti ń ṣiyèméjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Pyo kọ̀wé fipò sílẹ̀, káàdì rẹ̀ sì dín ní ìlọ́po kan. Wọ́n fọ́ kọ́ńkéré lórí kànga. Ti òkúta ló wá di ìṣòro, kò sẹ́ni tó fẹ́ ra òkúta tí orúkọ ẹlòmíràn wà lára rẹ̀, títí Màmá Ok fi sọ pé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná níbi tí àwọn ọmọ ti ń bọ́ bàtà ń ṣẹrọ̀fọ̀, ìbọ̀sẹ̀ wọn ń tutù. Wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ síbẹ̀. Ó tẹ́jú, ó sì gùn, ó ń gba bàtà ogójì akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí orúkọ náà ṣe nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́ yẹn nìyẹn.

Ní oṣù kìíní, lọ́jọ́ tí yìnyín bo gbogbo ìlú, Pyo wá. Kò gba ojú ọ̀nà ńlá. Ó bọ́ bàtà sórí òkúta, ó mọ òkúta tó jẹ́, ó sì wọlé.

Màmá Ok kò yíjú kúrò nídìí ààrò. "Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, Màmá."

Ó bu ìrẹsì fún un, ó bu ọbẹ̀, ó gé kimchi tuntun sí i. Pyo jẹ ẹ́ tán, ó tún gba abọ́ kejì, òógùn bò ó lójú, tàbí ohun mìíràn ni, n kò sún mọ́ ọn tó. Lẹ́yìn náà ló lọ sídìí Ìwé Gbogbo Wa, ó mú kálámù orí okùn, ó sì dúró títí inkì fi fẹ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: Mo jẹun níbí.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú àpò, ó ti yọ òǹtẹ̀ jáde, ó ti ń mí èémí sí i.

Màmá gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí àpótí ìrẹsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n ká dáadáa. "A kì í tẹ òǹtẹ̀ níbí, Gwang-tak. Abọ́ wà nílẹ̀."

Pyo ká apá kóòtù rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ abọ́.